Bàbá mi fẹ́ fi oko kajú dógò torí owó sukúù mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìyàrà: Okun o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí 200 level ní Lọ́kọ́ja ni, ó ku ọdún méjì. Kajú ni bàbá mi fi ń rán mi níléèwé, oko tí bàbá tiwọn gbìn lẹ́yìn Ìyàrà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí oṣù kejì sí ìkarùn-ún ni kajú ń mówó wọlé, owó sukúù ò sì mọ àsìkò kajú, ìgbà tí wọ́n bá ní ká wá sanwó, owó yẹn á ti lọ sórí oúnjẹ àti àwọn àbúrò mi mẹ́ta. Lọ́dún tó kọjá màmá mi ló lọ bẹ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n kó èésú ṣáájú kó tó kàn wọ́n.

Báyìí, ọkùnrin kan tó máa ń ra kajú lọ́wọ́ bàbá mi ti ní òun á gbé owó sukúù ọdún méjì kalẹ̀, pé kí bàbá mi jẹ́ kí òun ká apá ìsàlẹ̀ oko fún ọdún mẹ́ta. Bàbá mi ti fẹ́ gbà. Mo wá sọ ti lóònù ìjọba yẹn fún wọn, NELFUND, inú bí wọn gan-an, wọ́n ní àwọn ò bí ọmọ tó máa ṣe ìwọ̀fà fún ìjọba. Mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn. Ṣé èmi ni mi ò mọ nǹkan tí mò ń sọ ni?

Ìkejì, 15,000 tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi. Mi ò mutí, mi ò ta tẹ́tẹ́, mi ò mọ ibi tó ń gbà lọ.

Ìyá Oníkajú, Kàbà: Okun ọmọ mi. Sọ fún bàbá rẹ kí wọ́n má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n. Èmi ti fi oko dógò rí nígbà tí ọkọ mi ń ṣàìsàn, mo mọ ohun tí ojú mi rí. Ẹni tó gba oko dógò kì í ro oko, kì í gé ẹ̀ka tó ti gbẹ, èso ló bá wá. Kò la ọ̀nà iná yíká oko, nígbà tí ọyẹ́ dé iná ìgbẹ́ wọlé, ó jó igi tó ti ń so kí n tó wọlé ọkọ. Ọdún kejì, owó kajú wá gbé pẹ́ẹ́lí, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń rán ẹnu àpò, àpò mọ́kànlá ni mo kà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kọ́bọ̀ kan ò kàn mí níbẹ̀. Owó tí mo gbà lọ́wọ́ wọn ò tó àpò mẹ́rin nínú mọ́kànlá yẹn. Ìyẹn gan-an ni ìwọ̀fà, oko bàbá wọn ló máa ṣe ìwọ̀fà.

Tíṣà Ìsánlú: Mò ń ran àwọn ọmọ tí mo kọ́ lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún lóònù NELFUND yẹn, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí, oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ú. Èyí tó wà ṣáájú, ti 2023, òun ló ní kí ọmọ mú onídùúró méjì wá, kí owó tó ń wọlé sílé wọn má sì ju 500,000 lọ lọ́dún. Wọ́n ti yọ méjèèjì kúrò. Ẹnì kankan ò ní béèrè oko tàbí ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ, orúkọ wọn ò tiẹ̀ wọ inú gbèsè náà rárá.

Èlé kò sí lórí ẹ̀. Owó sukúù, sukúù gan-an ni wọ́n ń san án fún, kò ní gba ọwọ́ rẹ kọjá. Owó oúnjẹ, 20,000 lóṣù, ìyẹn ló ń wọ àkáǹtì rẹ. O ò ní dá nǹkan kan padà àfi ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá sin ìlú (NYSC) tán, ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ sì ni wọ́n á máa yọ. Tó o bá ń gba 100,000, 10,000 ni. Tó ò bá tíì ríṣẹ́ nígbà yẹn, wà á lọ búra ní kóòtù pé o ò tíì ríṣẹ́, wà á fi ìwé ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Nǹkan tó o máa nílò ni nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà matric, NIN àti BVN. Jọ̀ọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ bá ara wọn mu nínú gbogbo ẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń há sí. Kọ́bọ̀ kan ò sí fún ìforúkọsílẹ̀, ẹni tó bá ní kó o sanwó kí òun bá ẹ ṣe é, sá fún un. Ọdọọdún lo sì máa ń forúkọ sílẹ̀ tuntun o, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà: Ohun tí Tíṣà sọ dáa, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká máa sọ ọ́ bíi pé owó ọ̀fẹ́ ni. Gbèsè ni. 20,000 lóṣù, tó bá fi wọlé fún oṣù méjìlá, 240,000 nìyẹn, ọdún méjì 480,000, a ò tíì ka owó sukúù mọ́ ọn. Bàbá yẹn ò jẹ̀bi tí ẹ̀rù gbèsè bá ń bà wọ́n. Àbúrò, tí ilé bá ṣì lè fi oúnjẹ ránṣẹ́, gba ti owó sukúù nìkan, wọn ò fi dandan mú ẹ gba ti oṣooṣù. Àwọn ọmọ kan ń gbà á, wọ́n ń fi ra fóònù.

Àti pé má sún mọ́ àwọn áàpù tó ń yánilówó kíákíá, èlé ibẹ̀ burú. Tó o bá pẹ́ san, wọ́n á kọ̀wé sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ pé olè ni ẹ́, títí kan pásítọ̀ yín. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kò lè wá sílé ọdún Kérésì.

Ọmọ Ayétòrò: Lọ́kọ́ja lèmi náà wà, ní Felele, jẹ́ kí n bá ẹ sọ ti ìkejì yẹn torí ó ṣe èmi náà. Mo mú ìwé kékeré kan, mo ń kọ gbogbo nǹkan tí mo bá ná sílẹ̀ fún oṣù kan, mi ò fo omi inú ọ̀rá pàápàá. Mo wá rí i pé búrẹ́dì alẹ́, dátà tí mò ń rà ní ẹyọ ẹyọ, àti owó tí POS ń yọ nígbà tí mo bá ń gba 1,000, 1,000 ló ń jẹ owó mi. Báyìí tí owó bá ti wọlé, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ń ra ìrẹsì, epo àti dátà oṣù kan. Èyí tó kù mo pín in sí mẹ́rin, mẹ́ta lọ sí àkáǹtì tí mi ò gba káàdì rẹ̀, ọ̀kan ló wà lọ́wọ́. Ó lè kọ́kọ́ ni ẹ́ lára.

Gàrí àti ẹ̀wà, má rà á ní Lọ́kọ́ja. Ìyá mi ń rà á ní múdù lọ́jà ilé, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á fi rán dírẹ́bà tó ń gba Ọbajànà wá, èmi á lọ gbà á ní gáréèjì. Àwa mẹ́ta la jọ ń sebẹ̀, gáàsì kan náà. Tó o bá dé 300 level tí CGPA rẹ tó 3.5, tó sì jẹ́ sáyẹ́ǹsì lò ń kà, máa wo sìkọ́láṣíìpù MTN Foundation, àwọn 300 level ni wọ́n ń fún.

Ọmọ Ìyàrà: Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo pe bàbá mi, mo ka ti Ìyá Oníkajú fún wọn látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi àpò mọ́kànlá, wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀, mo rò pé netiwọ́ọ̀kì ti já ni. Wọ́n wá béèrè pé tí Ọlọ́run ò ní ṣe é, tí nǹkan bá ṣe mí kí n tó san án tán, ṣé wọ́n á wá gba oko nígbà yẹn? Tíṣà, kí ni kí n sọ fún wọn?

Tíṣà Ìsánlú: Ọlọ́run ò ní jẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ó wà nínú òfin yẹn, tí ẹni tó yá owó bá kú, wọ́n á pa gbèsè náà rẹ́. Wọn ò ní bá bàbá tàbí ìyá ẹ̀ wí nǹkan kan. Tí wọ́n bá fẹ́, jẹ́ kí wọ́n pè mí, màá ka ibẹ̀ fún wọn.

Ìyá Oníkajú, Kàbà: Tí wọ́n bá fẹ́ wá wo oko mi pàápàá, kí wọ́n wá. Kùkùté àwọn igi tó jó yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìyàrà: Mo ti sọ fún wọn mà. Wọ́n ní kí oníkajú yẹn ṣì ní sùúrù ná, àwọn fẹ́ lọ wo ìsàlẹ̀ oko láàárọ̀ ọ̀la kí àwọn tó dá a lóhùn. Wọ́n tún ní kí n fi NIN mi ránṣẹ́, kí àwọn bá mi wo ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ bóyá ó bá ti inú Bíbélì ilé mu.