Ṣé kí n mú màmá àtàwọn ọmọ wọ ibojì West Kennet?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn ọmọ mi ti yarí pé àfi kí n mú wọn lọ sí West Kennet Long Barrow, ibojì àtijọ́ tí wọ́n fi òkìtì bò, ní Wiltshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ó ti lé ní 5,600 ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ. Òkìtì náà gùn tó 100 mítà, yàrá márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, òkúta ràbàtà ni ògiri àti òrùlé. Nǹkan bí èèyàn 36 ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn wọ ibẹ̀ ní 1955, agbárí àti eegun itan àwọn kan ti dàwátì. Ó jọ pé àwọn ará ìgbà náà ló ń padà wá mú wọn.

Màmá mi, tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, bi mí pé ṣé ilé òkú ni mo fẹ́ kó ọmọ lọ ṣeré. Mo ní wọ́n ti kó eegun kúrò. Wọn ò dá mi lóhùn.

Ẹni tó bá ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́: báwo lẹ ṣe ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eegun yìí fún ọmọ ọdún mẹ́fà? Ṣé àgbàlagbà lè rin ọ̀nà pápá tó gun òkè látetí títì yẹn? Àbí ká kọ́kọ́ ya Wiltshire Museum ní Devizes ná?