Kí ni kí a kọ sábẹ́ fọ́tò Paul Strand nípa ìgbàgbọ́ òṣèlú rẹ̀?

Ayàwòrán_Ìjẹ̀bú:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò mẹ́jọ tí Paul Strand, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, yà la fẹ́ gbé kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: méjì láti New York (1915 àti 1916), méjì láti Mẹ́síkò, mẹ́rin láti Gánà. Ìlà mẹ́ta péré ni àyè gbà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí a kọ "kọ́múníìsì" sábẹ́ gbogbo wọn ni? Mi ò rí àsíá tàbí òòlù, àmì àwọn kọ́múníìsì, nínú ìkankan.

Dáákúrúùmù:
Ẹ má dán an wò. Ọdún ni kí ẹ fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn ti New York ti wà kí àwọn kọ́múníìsì tó gbàjọba ní Rọ́ṣíà ní 1917. Lewis Hine, tó máa ń ya àwọn ọmọdé tí wọ́n ń kó ṣiṣẹ́ ní fáktírì, ló kọ́ Strand ní fọ́tò nílé ẹ̀kọ́. Ẹ wo Wall Street ti 1915: àwọn èèyàn tín-tìn-tín ń kọjá lábẹ́ fèrèsé dúdú gàgàrà ilé báńkì Morgan. Ẹ lè kọ pé ilé owó ló bo èèyàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀.

Mẹ́síkò lọ̀rọ̀ ti yí padà (1932 sí 1934). Ibẹ̀ ló ti bá ìjọba ya fíìmù àwọn apẹja tó dìde sí ẹni tó ń rẹ́ wọn jẹ lórí owó ẹja. Ó dé Moscow ní 1935. Ní 1942, fíìmù Native Land tí òun pẹ̀lú ẹnì kan darí jáde, lórí bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ohùn Paul Robeson, olórin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, lẹ máa gbọ́ nínú rẹ̀.

Lẹ́ǹsì_Ẹ̀gbẹ́:
Ẹ tún fi ọ̀nà tó gbà yà wọ́n kún un, torí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lójú yóò béèrè. Ní New York, ó de lẹ́ǹsì irọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, kí ẹni tí Strand ń yà lè rò pé ibòmíràn ló kọjú sí. Ní Mẹ́síkò, gíláàsì prism ló fi síwájú lẹ́ǹsì kámẹ́rà Graflex rẹ̀, tó ń ṣẹ́ ìríran sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ní òun ń gbèjà mẹ̀kúnnù wá ń jí ojú mẹ̀kúnnù yà! Àríwísí yẹn tọ́, ẹ má fi pamọ́. Ti Gánà yàtọ̀: ẹni tó jókòó fún un mọ̀ pé wọ́n ń ya òun, orúkọ ẹni náà àti ìlú rẹ̀ sì máa ń wà nínú àkọlé, bíi ti ọmọbìnrin tó ru ìwé sórí ní Accra ní 1964.

Ìwé_Àtijọ́:
Dáákúrúùmù fo 1947. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba Amẹ́ríkà, Tom Clark, kọ orúkọ Photo League, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tí Strand wà nínú rẹ̀, mọ́ àwọn tí ìjọba fura sí pé wọ́n fẹ́ dojú ìjọba dé. Ní 1950 ó kó lọ sí Faransé, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1976. Ìwé tó ṣe lórí erékùṣù South Uist ní Scotland (1962), Leipzig, ní Jámánì ti Ìlà Oòrùn tí àwọn kọ́múníìsì ń ṣàkóso nígbà náà, ló ti tẹ̀ ẹ́. Lójú tèmi, ìlú tó ti tẹ ìwé yẹn sọ̀rọ̀ ju òòlù tí ẹ ń wá lọ.

Ti Gánà ló rọrùn láti ṣì kọ. Kì í ṣe ayàwòrán ààfin. Ó ya ilé iṣẹ́ ìfọpo Tema, ó sì ya ará ọjà. Nǹkan bí èyí ni kí ẹ kọ:

"Accra, 1964. Nkrumah ló pe Strand wá, Strand sì gbà pé sósíálíìsì lè tún Gánà ṣe. Ìwé fọ́tò rẹ̀ lórí Gánà jáde ní 1976, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ológun àti ọlọ́pàá gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah."