Ìró odó, òjò orí páànù àti ariwo ọjà fún àlọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mò ń ka àlọ́ Ìjàpá, mo sì ń gba ohùn mi sílẹ̀, fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá níbí ní ọjọ́ Sátidé. Ohùn mi jáde dáadáa, àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń gún iyán, ìró kan ṣoṣo tí mo rí ni mò ń tún lò léraléra, ó sì ń dún bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Kò sí odó nílé mi. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì, Houston: Àbúrò, o kú iṣẹ́. Odó kọ́ ni ìṣòro rẹ, ìró kan ṣoṣo yẹn ni. Etí tètè máa ń mọ̀ tí ohun kan náà bá ń padà wá láìyàtọ̀. Ẹni tó ń gún iyán kì í fi agbára kan náà sọ ọmọ odó kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, iyán fúnra rẹ̀ sì ń yí padà bó ṣe ń kúnná.

Nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀ di ìró odó. Àkọ́kọ́ ni gbì tó ń wá láti ilẹ̀: gbé pátákó tí o fi ń gé ẹran lé orí rọ́ọ̀gì, kí o fi ìkúùkù lù ú. Ìkejì ni igi tó kan igi: ìdí orógùn àti etí pátákó ti tó. Ìkẹta ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, ìyẹn bí iyán ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó nígbà tó bá ń gòkè. Ro poundo díẹ̀, fi ọwọ́ tútù tẹ̀ ẹ́, kí o já ọwọ́ kúrò nítòsí máìkì.

Gba ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní oríṣiríṣi agbára, 48 kHz, 24-bit (ìwọ̀n tó ń sọ bí ohùn tí a gbà ṣe máa péye tó), kí ariwo rẹ̀ má kọjá -6 dB. Reaper, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ tí a sì fi ń tò ó, ni mò ń lò. 60 ọjọ́ lo lè fi dán an wò kí o tó sanwó. To mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn, fa ohùn gbì wálẹ̀ ní semitone (ìṣísẹ̀ kékeré nínú gíga ohùn) 3 tàbí 4, kí lílẹ̀ iyán sì dé lẹ́yìn gbì díẹ̀. Tí o bá ti ní bíi mẹ́fà tó yàtọ̀ síra, fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ReaSamplOmatic5000 tirẹ̀, ìyẹn sampler (irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ ìró bí ẹni tẹ dùùrù) tó wà nínú Reaper, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì tirẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Wá fi ọwọ́ ara rẹ gún un. Má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ọ to àkókò rẹ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin méjì ló ń gún un, fi ọ̀kan sápá òsì, èkejì sápá ọ̀tún, kí gbì ọ̀kan wúwo ju ti èkejì lọ.

Àǹtí Peckham: Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun. Àbúrò mi, kí o tó gba ohunkóhun sílẹ̀ nínú fúláàtì, pa hítà àti fíríìjì. Fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ sínú fíríìjì yẹn, o ò ní lè jáde láìrántí tan án padà. Àwọn tó ń gba ohùn fún fíìmù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún òjò orí páànù, da tíréè tí a fi ń yan nǹkan nínú ófùnù dé, kí o máa rọ ìrẹsì tí a ò tíì sè lé e lórí, díẹ̀díẹ̀ ná, kó tó wá le. Tíréè yẹn náà ni àrá: dì í mú létí, gbọ̀n ọ́n, kí o wá dín ìyára ohùn náà kù sí ìdajì. Á wálẹ̀ ní octave kan, ìyẹn semitone 12. Tún un dín sí ìdajì sí i, á bú. 96 kHz ni kí o fi gba èyí sílẹ̀, kó má baà ṣókùnkùn tó bá falẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds: Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ariwo ọjà ńkọ́? Ṣé mo lè mú u láti orí Freesound, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń gbé ìró sí? A fẹ́ gbé àlọ́ náà sí YouTube.

Àǹtí Peckham: O lè mú u, àmọ́ ka àṣẹ tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. CC0, lò ó bó o ṣe fẹ́. Attribution, dárúkọ ẹni tó ṣe é. NonCommercial, má fọwọ́ kàn án tí ìpolówó bá máa mú owó wọlé. Ìró tó wà lórí ìkànnì BBC Sound Effects lé ní 30,000, àmọ́ ọ̀fẹ́ tiwọn wà fún ìlò ara ẹni, ẹ̀kọ́ àti ìwádìí nìkan.

Èmi ò tiẹ̀ ní wá ọjà lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn yẹ kó gbọ́ ohùn àwọn ìyá tiwọn. Bẹ ẹnì kan ní Abẹ́òkúta kó fi fóònù gba ọjà Kútọ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, kó dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Kó má fi ránṣẹ́ bíi voice note o, WhatsApp á fún ohùn náà pọ̀. Bíi document ni kó fi ránṣẹ́.

Bàbá Ìbejì, Houston: Òótọ́ ni. Tí orin àlọ́ bá sì bẹ̀rẹ̀, fa odó àti ọjà wálẹ̀ ní bíi 6 dB kí àwọn ọmọ lè gbọ́ ègbè tí wọ́n máa gbè. Tí o bá ti gún àkọ́kọ́ tán, gbé e síbí ká gbọ́.