Mo ṣe sólà ní Kàbà, kí ni mo lè fi í ṣe ní Leeds?

Ọmọ Kàbà, Leeds
Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé páànẹ́lì àti ínfátà sílé onílé, láti Kàbà dé Ìyàrà. Ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló gba físà, èmi bá a wá, ìwé mi sì gbà mí láyè láti ṣiṣẹ́ tó bá wù mí. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo wà báyìí. Ilé iṣẹ́ climate tech, àwọn tó ń fi ìmọ̀ ẹ̀rọ gbógun ti ìyípadà ojú ọjọ́, tí mo ti kọ̀wé sí lé ní ogójì, ẹyọ kan ò dáhùn. Àbí kí n lọ gba másítà ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, Hull
Ọ̀kún, àbúrò. Másítà kẹ̀? Fi owó yẹn pamọ́ ná.

Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mi àkọ́kọ́, mo ń yangàn pé iná kì í lọ nílé oníbàárà mi tọ̀sán tòru. Wọ́n ní, bí iná àdúgbò bá lọ, kí ni ínfátà máa ṣe? Mo ní á máa ṣiṣẹ́ lọ, ṣebí torí ẹ̀ la ṣe rà á! Wọ́n wo ara wọn lójú. Níbí, ínfátà tó so mọ́ iná ìjọba gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tíná bá ti lọ, kí iná orí òrùlé ẹnìkan má baà gbé òṣìṣẹ́ tó ń tún wáyà ṣe. Nílé, NEPA la ń sá fún. Níbí, NEPA wọn gan-an là ń ta iná fún.

Nítorí náà, ọwọ́ rẹ ti mọ iṣẹ́, òfin wọn ló kù. Kọ́ BS 7671, ìlànà wáyà iná wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní 18th Edition. Mọ G98 pẹ̀lú, ìlànà síso ínfátà kékeré mọ́ iná ìjọba: tí ínfátà ò bá ju ámpíà 16 (16 A) lọ lórí fésì kan, ẹ lè so ó mọ́ iná kẹ́ ẹ tó sọ fún ilé iṣẹ́ tó ni wáyà, láàárín ọjọ́ 28. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, G99 nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ilé iṣẹ́ tó ní ìwé MCS, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń gbé sólà, ni kó o máa kọ̀wé sí, torí ìwé yẹn làwọn oníbàárà fi ń gba owó iná tí wọ́n bá tà. Nínú CV, má kọ “òṣìṣẹ́ takuntakun” fún wọn. Kọ kílówáàtì tó o gbé, irú bátìrì, àti àléébù tó o fọwọ́ ara rẹ wá rí. Fi àwòrán tì í.

Ìyá Ìbejì, Birmingham
Kì í ṣe gbogbo wa la máa gun òrùlé o. Ìṣirò owó ni mo kọ́. Èéfín ilé iṣẹ́ ni mo ń ṣírò báyìí, ọ̀nà mẹ́ta la sì pín in sí. Epo tí ọkọ̀ wọn jó ni Scope 1, iná tí wọ́n rà ni Scope 2. Scope 3 ni èyí tó ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tajà fún wọn àtàwọn tó ń rajà lọ́wọ́ wọn wá, ibẹ̀ sì ni orí ti ń fọ́ni! Ìwé ọjà ni mo ń tú láti àárọ̀ dalẹ́, bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, omíyalé ọdún 2022 ní Lọ́kọ́jà ni mo sọ, bí omi ṣe dí ọ̀nà Àbújá mọ́ wa.

Ọmọ Mọ̀pà, Glasgow
Ẹ̀yin tí físà yín so mọ́ agbanisíṣẹ́ kan, ẹ má fibi tẹ́ ẹ wà sílẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ ilé iṣẹ́ tuntun náà nínú ìwé àwọn tí ìjọba fún láṣẹ láti gba àjèjì síṣẹ́.

Ọmọ Kàbà, Leeds
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù tí àwòrán wà nínú ẹ̀ ti bọ́ sómi. Ọmọ iṣẹ́ mi ṣì wà ní Ìyàrà, màá ní kó gun òrùlé lọ yà á fún mi.

Ẹ̀gbọ́n Ìsánlú, Hull
Kó dé àṣíborí, kó so okùn mọ́ra kó tó gùn ún o. Ìyẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo páànẹ́lì.