Èsì sí “ohun ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀”: mo dábàá afèsì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìkirè ní ká máa pe àwọn ohun ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì tí ọmọ girama lè fọwọ́ yí, kí ó sì rí ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ (tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní interactive), ní “ohun ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀”. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, orúkọ yìí ò ní dúró. Fóònù ti gba ìbánisọ̀rọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ tipẹ́. Ẹ wọ kíláàsì kankan ní Òṣogbo níbí, kí ẹ ní kí wọ́n mú ohun ìbánisọ̀rọ̀ jáde, fóònù tí wọ́n fi pamọ́ sínú báàgì lọkàn wọn máa kọ́kọ́ lọ bá. “Ìbáṣepọ̀” tí ẹlòmíì mú wá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pè é níwájú SS2 kí ẹ gbọ́ ẹ̀rín.

Afèsì ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò. Àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì rí nǹkan: ẹ̀rọ náà á máa sọ tiẹ̀ lọ, ohun yòówù kí o wí, kò kàn án. (Lónìí tí a ń pe ilé iṣẹ́ rédíò lórí fóònù láti bú ìjọba, orúkọ náà ò bá ìṣe rẹ̀ mu mọ́, àmọ́ ta ló fẹ́ yí i padà?) Fídíò tí olùkọ́ gbé sára ògiri, asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Ìwé tí wọ́n kó sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, bákan náà ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ẹni tó ní ká kúkú máa pe gbogbo wọn ní ọpọ́n ìmọ̀. Ẹ rántí Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ girama àgbà ní 2013, láyé gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá. Orúkọ tó jinlẹ̀ ni, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa lè dá èyí tó dùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè WAEC àtẹ̀yìnwá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọpọ́n Ifá ń fèsì ní tiẹ̀: iye ikin tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ló ń sọ ohun tí babaláwo máa tẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé, bí asọ̀rọ̀mágbèsì bá jẹ́ ìyá ọ̀rọ̀ náà, kí ló dé tí kò fi jẹ́ agbèsì? Agbèsì ń gba èsì lọ́wọ́ ọmọ, afèsì ń fún un ní èsì. Kọ̀ǹpútà tí JAMB fi ń ṣe gbogbo ìdánwò UTME láti 2015, agbèsì pọ́ńbélé ni. O tẹ A tàbí C, ó gbà á, ó panu mọ́. Ọmọ ò rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wá wo PhET tí àwa ń lò, àkójọ ohun ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì tí ọmọ lè fọwọ́ yí lójú kọ̀ǹpútà. Yunifásítì Colorado ní Boulder ló ni ín. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2001, ló dá a sílẹ̀ ní 2002. Ọ̀fẹ́ ni, èèyàn sì lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà kó máa lò ó láìsí dátà. Nínú ti iná mànàmáná, ọmọ á so bátìrì 9 fóólìtì mọ́ rẹ̀sísítọ̀ 10 óòmù, mítà á ní 0.9 áńpù. Ó sọ ọ́ di 20 óòmù, ó bọ́ sí 0.45. Ó so gílóòbù kejì tẹ̀lé àkọ́kọ́ lórí wáyà kan náà, méjèèjì wá ń tàn bàìbàì. Ó fi wáyà lásán so orí bátìrì mọ́ ìdí rẹ̀, iná sọ lára bátìrì, gbogbo kíláàsì pariwo. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó gbà á tàbí ó kùnà. Kí lẹ máa pe ìyẹn, bí kì í bá ṣe èsì?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wù mí. Lẹ́nu wa, èsì kì í ṣe ìdáhùn nìkan. Èsì ìdánwò wà, èsì ìbò wà, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà. Nítorí náà, ohun tó bá fèsì fún akẹ́kọ̀ọ́ ti dá a lóhùn, ó sì ti fi àbájáde iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Ìbánisọ̀rọ̀ ò lè gbé ìkejì yẹn.

Ẹnìkan tún ní dandan ni kí “kọ̀ǹpútà” wà nínú orúkọ náà. Nítorí kí ni? Ìlú aró mà la wà! Ìkòkò aró àwọn ìyá wa ti ń fèsì kí kọ̀ǹpútà tó dé. Aṣọ á jáde nínú ẹ̀lú, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ewé tó ń pọ́n lọ, wọ́n á sá a sínú afẹ́fẹ́, ọ́síjìn á kàn án, ó di aró lójú ẹni. Bí omi eérú ò bá le tó, aró ò ní mú dáadáa, aláró á sì mọ ohun tó kù. Olùkọ́ kẹ́mísìrì tó bá kó SS2 lọ síbẹ̀ láti wo iṣẹ́ ọ́síjìn, ohun ẹ̀kọ́ afèsì ló lò, kò sì ra epo sí jẹnẹrétọ̀.

Pé WAEC ò ní béèrè é ní Yorùbá, òótọ́ ni. Àmọ́ Yorùbá la fi ń là á yé wọn kí Gẹ̀ẹ́sì tó wọlé, PhET náà sì fàyè gbà wá láti túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀. “Àfarawé” tí arábìnrin wa tó wà ní Ẹdẹ dá fún simulation (ohun tó ń ṣe bíi ti gidi lójú kọ̀ǹpútà) tẹ́ mi lọ́rùn. Àfarawé afèsì: ó yọ̀ lẹ́nu.

Ó wá ku ohun tí a máa pe kí èèyàn di nǹkan mú lójú kọ̀ǹpútà kó sì gbé e lọ síbòmíràn. “Wọ́ ọ” ni mo ń kọ, “fà á” ni àwọn ọmọ ń sọ. Tiwọn ni mo máa kọ sílẹ̀, àyàfi bí ẹ bá rí ìdí tí kò fi yẹ bẹ́ẹ̀.