Ẹ̀yin tó ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà òkè níbi eré kẹ̀kẹ́, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Láti Grenoble:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bí ẹ bá ti lọ wo Tour de France rí, eré kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ púpọ̀ ti ilẹ̀ Faransé, lọ́jọ́ tí wọ́n ń gun òkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ọ́ fún wa. Kì í ṣe ẹni tó borí ni mò ń bèèrè, a ti mọ ìyẹn. Àwọn èrò ni mo fẹ́ gbọ́ nípa wọn: bí wọ́n ṣe hó, ẹni tí wọ́n hó fún, ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ń kọjá. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2022 ni, ọjọ́ ìsinmi gbogbo ilẹ̀ Faransé. Láti Briançon ni wọ́n ti gbéra, kìlómítà 165. Wọ́n gun Galibier, wọ́n gun Croix de Fer, kí wọ́n tó wá fi Alpe d'Huez parí ọjọ́ náà. Alpe d'Huez nìkan tó kìlómítà 13.8, bẹ́ẹ̀ ni bí èèyàn bá rin mítà 100 níbẹ̀, á ti gòkè mítà 8. Kọ́nà 21 ló wà lójú ọ̀nà náà. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti 21 nísàlẹ̀ dé 1 lókè, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ti borí níbẹ̀. Orúkọ Fausto Coppi, ẹni àkọ́kọ́ tó borí lórí òkè yìí lọ́dún 1952, ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé.

Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì o. Ẹnikẹ́ni ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi gòkè láti Bourg-d'Oisans láàárọ̀, torí wọ́n ti dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀. Àwọn tó ní mọ́tò tí wọ́n ń sùn sínú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Wọ́n ti ta àgọ́, wọ́n ń yan ẹran, wọ́n ń fi ọ̀dà kọ orúkọ ààyò wọn sójú títì. Kọ́nà 7 ni ti àwọn ará Nẹ́dálándì. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn ni gbogbo wọn wọ̀, orin wọn ò sì dákẹ́ láti àárọ̀. Nínú ìgbà mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ tí eré parí lórí òkè yìí, ọmọ Nẹ́dálándì borí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ di tiwọn.

Mo gòkè kọjá ọ̀dọ̀ wọn. Tọkọtaya kan láti Dẹ́nímáàkì sún fún mi lábẹ́ agboòrùn wọn. Lánàá ọjọ́ náà ni Jonas Vingegaard, ọmọ ìlú wọn, gba jẹ́sì yẹ́lò, aṣọ ẹni tó ṣáájú nínú gbogbo eré náà, lọ́wọ́ Tadej Pogačar ọmọ Slovenia lórí òkè Granon. Inú ọkọ ń dùn. Ìyàwó ò lè jẹun. Ó ní Pogačar ò ní gbà, pé ó máa wá nǹkan rẹ̀ wá lónìí.

Ìlà ọkọ̀ ìpolówó ló kọ́kọ́ kọjá, wọ́n ń ju fìlà àti súìtì sí èrò, àgbàlagbà ń bá ọmọdé du fìlà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ká máa dúró nínú oòrùn. Hélíkọ́pítà ló máa ń sọ fún yín pé wọ́n ti ń bọ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, ariwo èrò á wá máa gun òkè bọ̀ láti kọ́nà dé kọ́nà, ẹ ò sì tíì rí ẹnikẹ́ni.

Tom Pidcock ló kọ́kọ́ yọ, ọmọ Leeds, ẹni ọdún 22, Tour rẹ̀ àkọ́kọ́. Èrò ti dí títì pa. Wọ́n ń là bí ọ̀kadà tó ṣáájú rẹ̀ ṣe ń bọ̀, wọ́n sì ń padé lẹ́yìn rẹ̀. Àyè tó kù fún un kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí! Lẹ́yìn rẹ̀ ni Louis Meintjes ọmọ Gúúsù Áfíríkà, lẹ́yìn náà ni Chris Froome, tí wọ́n bí ní Nairobi. Ẹ ò rí i pé méjì nínú àwọn mẹ́ta tó ṣáájú, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti bí wọn. Inú mi dùn débi pé mo fi Yorùbá pariwo, "Ẹ kú iṣẹ́ o!", bẹ́ẹ̀ wọn ò lè gbọ́ ọ.

Níbi tí mo dúró sí, Froome ni wọ́n hó fún jù. Ó ti gba Tour lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ìjàǹbá ọdún 2019 tó ṣẹ́ ẹ léegun itan. Lórí òkè yìí kan náà, lọ́dún 2018, ìhó ẹ̀gàn ni wọ́n fi pàdé rẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ na ọwọ́ gbá a. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, àwọn èèyàn ń pe orúkọ rẹ̀, ojú àwọn mìíràn ń ṣomi. Mo gbà pé ẹni tó bá ti jìyà lójú èrò orí òkè, wọn kì í pẹ́ dárí jì í.

Ti Pogačar àti Vingegaard, lókè ju ibi tí a dúró sí lọ ni wọ́n ti figagbága. Orí fóònù la ti wò ó. Arábìnrin Dẹ́nímáàkì di ọwọ́ mi mú pin-pin títí wọ́n fi jọ parí, tí jẹ́sì yẹ́lò ò kúrò lọ́rùn ọmọ wọn. Lẹ́yìn náà ló tó jẹun.

Láti Mulhouse:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Tèmi ò kan ẹni tó borí rárá, mo sì rò pé ohun tí ẹ ń bèèrè gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2023, òkè Petit Ballon, ní agbègbè Vosges tó wà nítòsí wa. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi lọ. Wọ́n ní Thibaut Pinot ń gun Tour ìkẹyìn rẹ̀, pé ilé rẹ̀ ò jìnnà síbẹ̀, àwọn ò lè jókòó sílé. Mi ò mọ Pinot nígbà náà. Nígbà tí wọ́n fi ń ròyìn rẹ̀ tán fún mi, ó ti yé mi. Lọ́dún 2019, ó borí lórí òkè Tourmalet, gbogbo Faransé gbà pé ọdún rẹ̀ rèé, àfi bí iṣan itan rẹ̀ ṣe já a kulẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan kí eré parí, tó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹkún. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tó ń borí lọ.

Kọ́nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Mi ò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àsíá, ìlù, èéfín aláràbarà, orúkọ rẹ̀ lára títì, lára aṣọ, lára ọmọ ọwọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé àárín ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa kọjá, ká má tilẹ̀ rí i dáadáa. Ẹ gbọ́ o: òun nìkan ló yọ! Ó ti fi gbogbo àwọn yòókù sẹ́yìn. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ń sunkún bí ọmọdé. Mi ò gbọ́ ohùn ara mi, bẹ́ẹ̀ mò ń pariwo.

Wọ́n bá Pinot lórí òkè tó tẹ̀ lé e, Pogačar ló borí ní Le Markstein, Pinot ṣe ìkeje. Kò sẹ́ni tó bínú lára àwa tá a wà níbẹ̀. A dúró de àwọn tó gbẹ̀yìn pátápátá, àwọn tó kóra wọn jọ kí wọ́n lè dé kí àsìkò tó pa wọ́n, torí ẹni tó bá pẹ́ ju iye tí wọ́n dá lọ, ilé ló ń lọ. A pàtẹ́wọ́ fún wọn títí ọkọ̀ ìkẹyìn fi kọjá.

Láti Abẹ́òkúta:

Orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti ń wò ó ní tèmi. Mo gbádùn ìtàn yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń bà mí. Ẹ rántí òkè Mont Ventoux nínú Tour ọdún 2016. Atẹ́gùn líle mú kí wọ́n gbé òpin eré wá sísàlẹ̀, sí Chalet Reynard, gbogbo èrò tó yẹ kó wà lókè sì fún pọ̀ síbẹ̀. Ọ̀kadà kan ò rọ́nà lọ, agunkẹ̀kẹ́ Richie Porte kọ lù ú, Froome náà ṣubú, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́, ló bá ń fi ẹsẹ̀ sáré gun òkè pẹ̀lú jẹ́sì yẹ́lò lọ́rùn. Nílé wa, gbogbo wa dìde dúró. Bàbá mi ń bèèrè pé, "Ṣé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ láyè ni?" Lórí Alpe d'Huez lọ́dún 2018, okùn kámẹ́rà òǹwòran kan ló kọ́ agunkẹ̀kẹ́ Vincenzo Nibali, ó ṣubú, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn wọn, ẹ jẹ́ kó fún wọn lọ́nà. Èmi gbà pé ó yẹ kí irin ìdènà gùn ju bó ṣe wà lọ.

Láti Kigali:

Ti Tour kọ́ ni tèmi. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé wá sí Rùwáńdà, ìgbà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ nílùú, àwọn ọmọ wà lórí gbogbo ògiri àti orí igi. Èmi dúró ní Mur de Kigali, ọ̀nà olókùúta tó gùn sókè ṣánṣán. Kìlómítà 267.5 ni àwọn ọkùnrin gùn lọ́jọ́ ìkẹyìn, 30 péré ló sì parí rẹ̀. Pogačar ti sá kúrò láàárín èrò láti ibi tó ju kìlómítà 100 lọ sí òpin, ó sì dá nìkan lọ nígbà tó ku nǹkan bíi kìlómítà 66. Ohun tó wú mi lórí ni pé àwọn ọmọ ò mọ̀ ọ́n ju ẹni tó gbẹ̀yìn lọ. Ariwo kan náà ni wọ́n ń pa fún gbogbo wọn. Àwọn ará Ẹritíríà sì ti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú àsíá, ijó ni wọ́n ń jó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àbúrò mi ní Abẹ́òkúta, òótọ́ lẹ sọ. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi irin dí gbogbo òkè. Ohun tí àwọn ọmọ yẹn rí nítòsí, tí wọ́n ò san nǹkan kan, kò sí nínú bọ́ọ̀lù mọ́.

Láti Ìbàdàn:

Ó wù mí kí n lọ lọ́jọ́ kan. Kí ni kí n múra sílẹ̀?

Láti Grenoble:

Àbúrò, ẹ gbé omi púpọ̀, fìlà, àti aṣọ òtútù, kódà bí oòrùn bá mú nísàlẹ̀. Ẹ tètè gòkè láàárọ̀ kí wọ́n tó dí ọ̀nà. Ẹ má sáré tẹ̀ lé wọn, ẹ má sì na fóònù sójú ọ̀nà. Ẹ wá ibi tí ọ̀nà òkè náà ti gùn sókè ṣánṣán jù dúró sí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọra lọ jù, ẹ ó sì rí ojú wọn.