Iṣan wo ló já? Èsì mi lórí "okùn-ẹran"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè lórí kí la fẹ́ máa pe tẹ́ńdọ̀n, ìyẹn iṣan tó so ẹran ara mọ́ eegun tó sì ń fà á, nínú ìwé pélébé tí a ń túmọ̀ fún àwọn òbí tí ọmọ wọn fi ọwọ́ ṣèṣe. Ẹ̀gbọ́n ní "okùn-ẹran", Àǹtí wa ní ká kúkú kọ ọ́ ní tẹ́ńdọ̀n kọ́rọ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi sà, àmọ́ okùn-ẹran ò ṣeé lò. Ẹ lọ sí Mushin tàbí Òyìngbò tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá dé, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín ní okùn ẹran, èyí tí wọ́n fi so àgbò ni wọ́n máa nà sí yín. Tẹ́ńdọ̀n ò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí ò mọ̀ ọ́n lédè Òyìnbó ò ní torí pé a fàmì sí i lórí mọ̀ ọ́n.

Ohun tó jẹ́ kí n dá sí i rèé. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Ṣómólú, ọmọ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣubú lé kọ́ọ̀pù gíláàsì, ó sì gé e nísàlẹ̀ ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò, wọ́n sáré gbé e lọ síbì kan nítòsí, wọ́n rán an, ẹni tó rán an ní "iṣan ló kàn, ẹ má fòyà". Àbúrò mi gbọ́ iṣan, ẹ̀jẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn, ẹ̀jẹ̀ sì ti dá, ó ní ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Àfi lọ́jọ́ kẹsàn-án tí ọmọ fẹ́ bu ẹ̀bà ni wọ́n tó rí i pé ìka yẹn nà ṣánṣán, mẹ́rin tó kù ń ká, òun ò ká. Ẹni yẹn ò parọ́ o. Iṣan náà ni. Iṣan wo gan-an ni ò sọ.

Nínú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tí ò ju bísíkíìtì lọ, nǹkan mẹ́ta ló fara ti ara wọn tí gbogbo wa ń pè ní iṣan: èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, èyí tó ń jẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan gbóná tàbí pé ó gún òun, àtèyí tó ń fa ìka. Àwọn kan níbí ti ní èdè wa tòṣì nìyẹn. Mi ò gbà jàre. Ẹ wo bá a ṣe ń sọ ọ́: eegun ṣẹ́, oríkèé yẹ̀, ọrùn ọwọ́ rọ́, awọ bó, iṣan já. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ní oríkèé já. Ọ̀rọ̀-ìṣe la fi ń mọ nǹkan yàtọ̀, torí náà ká wo iṣẹ́ tí iṣan kọ̀ọ̀kan ń ṣe ká fi sọ ọ́ lórúkọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ti wà nílẹ̀, ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ ká pè ní iṣan afàka. Tí wọ́n bá fẹ́ là á sí méjì, ti àtẹ́lẹwọ́ ló ń ká ìka, ti ẹ̀yìn ọwọ́ ló ń nà án. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa bi mí pé ti gìgísẹ̀ ńkọ́, ṣé ìka lòun náà ń fà ni. Mo ti gbìyànjú "afeegun", ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ṣe máa ń tẹ̀wé láìfàmì sí i yìí, wọ́n á rò pé masquerade là ń sọ. Ìwé ọwọ́ la ń kọ, ẹ jẹ́ ká parí ọwọ́ ná.

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà dé Igbóbì (ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn kọmítíì, ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn náà, ọsibítù eegun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, lónìí lẹ́nu ará Èkó "wà á bára ẹ ní Igbóbì" ti di ohun tí wọ́n ń sọ fún ọlọ́kadà asáré, kò sẹ́ni tó jókòó dìbò fún un), dókítà ò bi ọmọ ní nǹkankan, ta ni ọmọ tó ń ké máa dá lóhùn. Ó di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú, ó rọra tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, àwọn ìka tó kù ká fúnra wọn, èyí tí iṣan ẹ̀ já dúró gbọọrọ. Wọ́n tún ní kó ti ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, torí ìka tí iṣan ìmọ̀lára ẹ̀ pé á hunjọ bí ìgbà téèyàn fọṣọ pẹ́, èyí tó já ò ní hun. Ti ọmọ hun, a dúpẹ́, nítorí iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n bá rán, bíi mìlímítà kan péré ló ń hù lóòjọ́. Ẹ rí i pé fífà àti mímọ̀ ni dókítà fúnra ẹ̀ ń wá, kì í ṣe okùn.

Ní tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, iṣan náà ti sá wọnú àtẹ́lẹwọ́ lọ bí ìgbà tí okùn ṣòkòtò bá wọnú, wọ́n ní láti wá a kàn kí wọ́n tó rán an. Wọ́n wá fi POP, ìdè funfun líle yẹn, dè é láti òkè ìgúnpá títí dé orí ìka fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àgbàlagbà ni wọ́n máa ń ní kó tètè máa mira díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ má bàa gan, ọmọdé ò gbọ́ ìkìlọ̀, á kàn já a ni, tiẹ̀ kì í sì í sábà gan bíi tàgbà.

Èyí ló mú mi dé "ìmúpadàbọ̀sípò" tí ẹ fi pe iṣẹ́ físíò, ẹni tó ń kọ́ ọwọ́ bó ṣe máa tún ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gùn ju POP lọ. "Ó ti jinná" náà léwu, awọ ló ń jinná, ìka lè má tíì ká. Mo dábàá àtúnkọ́ ọwọ́. Dókítà kọ́ ọ bí ẹni kọ́lé, físíò kọ́ ọ bí ẹni kọ́ ọmọ níwèé, kọ́ kan náà ló gbé méjèèjì. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ lẹ́yìn POP ò ju eré lọ: ìyẹ̀fun pípò, ẹ̀wà ṣíṣà, ìlẹ̀kẹ̀ sísín.

Ẹ tún bá mi wo ojú ìwé kejì, ibi tí ilẹ̀kùn ti gé orí ìka ọmọ jábọ́. Ẹ kọ ọ́ pé "ẹ fi ìka náà sínú áìsì". Rárá o! Aṣọ mímọ́ tó tutù díẹ̀ lẹ máa fi wé e, ẹ fi sínú náílọ̀n, náílọ̀n yẹn ló máa wà lórí áìsì. Tí áìsì bá kan ẹran ara, ó bà á jẹ́ nìyẹn. "Sínú" àti "lórí" ló dá a.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mi ò rí, growth plate, ibi rírọ̀ lẹ́bàá oríkèé ọmọ tí eegun ti ń gùn sí i, tó jẹ́ pé tó bá ṣèṣe ìka náà lè wọ́ tàbí kó kúrú. Mo kọ "ojú ìdàgbà eegun", kò dùn mọ́ mi lẹ́nu. Àǹtí, kí lẹ rí sí i?